Ìkọ̀sílẹ̀ Ẹni tí A Kò Rí: Ọ̀rọ̀ Àwọn Yorùbá Kumasi

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé K. A. Busia pàṣẹ ní ilẹ̀ Ghana pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ láti máa gbé ìlú náà gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ohun tí àṣẹ yìí ṣe sí òwò àwọn ènìyàn wa ti di ìtàn tí a ń sọ fún ọmọdé: ìsọ̀ tí a fi sílẹ̀, ọjà tí a tà lọ́pọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kún dẹ́nu lọ́nà Aflao. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn náà tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Àṣẹ náà ya tọkọtaya mìíràn nípa láì tú ìgbéyàwó wọn ká. Ọkọ wà ní Ọ̀fà, aya wà ní Kumasi, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí èkejì rẹ̀ dé. Báwo ni ènìyàn ṣe lè kọ ẹni tí kò rí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin láti Sekondi wọ Kumasi ní ọdún 1903, òwò ìlú náà gbòòrò. Àwọn ará Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí àti Ìgbòho wà lára àwọn Yorùbá tí wọ́n wá ṣòwò ní Ghana. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé Zongo, irú àdúgbò àlejò tí àwa ń pè ní Sábó. Àwọn kan mú aya wá láti ilé. Àwọn mìíràn fẹ́ ọmọ Àṣáńtì.

Láàárín àwa Yorùbá, ẹbí ni ó ń tọrọ ìyàwó, ẹbí ni ó sì ń fi fún ni. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tí kóòtù ìbílẹ̀ dé lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dídá owó orí padà ni ó di àmì pé ìgbéyàwó ti tú. Nítorí náà, bí ọkọ bá sọnù, obìnrin tí ó wà nílé ṣì mọ ibi tí ó lè mú ọ̀rọ̀ lọ. Ènìyàn kan lè sọnù. Agboolé rẹ̀ kì í bá a sọnù.

Ó yà mí lẹ́nu pé àṣà Àṣáńtì kò jìnnà sí èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹbí ìyá ni wọ́n fi ń ka ìran. Ohun tí ọkọ ń gbé fún ẹbí ìyàwó ni tiri nsa, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọtí orí. Àwa ní owó orí, àwọn ní ọtí orí! Bí ìgbéyàwó bá tú, ẹbí obìnrin lè dá ọtí náà padà fún àwọn tí wọ́n gbé e wá. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti di kókó. Bí ó bá jẹ́ àwọn ará ìlú ọkọ ní Zongo ni wọ́n dúró bí ẹbí fún un lọ́jọ́ náà, àwọn pẹ̀lú ti bá a lọ. Ta ni yóò gba ọtí?

Fún àwọn Mùsùlùmí, òfin Málíkì tí a ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ wọ̀nyí ti ní ìdáhùn láti ìgbà pípẹ́: aya ẹni tí a kò gbúròó rẹ̀ yóò dúró fún ọdún mẹ́rin, yóò sì ṣe opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, kí ó tó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọkọ tí a mọ̀ pé ó wà láàyè ní Ìlọrin, tí kò kàn ránṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹni tí ó sọnù. Ẹjọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Àìbọ́ aya ni a ó fi pè é.

Ìjọba Ghana ṣe òfin ìgbéyàwó tuntun ní ọdún 1971. Bí tọkọtaya kò bá ti gbé pọ̀ fún ọdún márùn-ún, ilé-ẹjọ́ lè tú wọn ká láìdúró de kí èkejì gbà. A sì lè lo òfin náà fún ìgbéyàwó ìbílẹ̀ bí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ bá béèrè. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kò ní fẹ́ tú ìgbéyàwó láìpe ẹni tí a pè lẹ́jọ́. Bí a kò bá rí i, adájọ́ lè gbà kí a lẹ ìwé ìpè náà mọ́ ilé tí ó gbé kẹ́yìn, tàbí kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn. Mélòó ni ó ń ka ìwé ìròyìn Kumasi ní Ìgbòho? Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1970 béèrè ọdún mẹ́ta péré fún ìyapa, ó sì gba ọdún méje àìgbúròó gẹ́gẹ́ bí àmì ikú; ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ti ìwé ìjọba nìkan ni ó wà fún. Ẹni tí ó ṣe ìdáná lásán kò rí nǹkan mú níbẹ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ ni tirẹ̀.

Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ọmọ ni ó le jù. Àṣáńtì ní ti ẹbí ìyá ni ọmọ. Yorùbá ní ti bàbá ni. Ìyá lè ti gba ìwé kóòtù láti ogún ọdún sẹ́yìn, kí ó sì ti fẹ́ ọkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin tí ó bí fún ọkọ àkọ́kọ́ bá dàgbà, tí ọmọ Yorùbá sì wá tọrọ rẹ̀, àwọn àna yóò béèrè ẹbí bàbá tí yóò gba ìdáná. Ọjọ́ náà ni a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí wá ọkùnrin tí a ti kọ̀ sílẹ̀, láti Zongo dé agboolé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́.