Afẹ́fẹ́ Ilé Eku: Bí Ààbò Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Òṣìṣẹ́ Yàrá Ìwádìí

Ìtọ̀ ni orísun ohun tó ń da àwọn tó ń tọ́jú eku ní yàrá ìwádìí láàmú jù. Ẹ̀dọ̀ eku kékeré ló ń pèsè purotéènì kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mus m 1. Ti eku ńlá ni Rat n 1. Inú ìtọ̀ ló ń bá jáde, ti akọ sì máa ń pọ̀ ju ti abo lọ. Bí ìtọ̀ bá gbẹ sára ìyẹ̀ pákó tí wọ́n tẹ́ sínú kéèjì, tí eku ń fẹsẹ̀ tú u ká, purotéènì náà á lẹ̀ mọ́ eruku, eruku á gbéra, ẹni tó wà nítòsí á fà á símú. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á á bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ojú á máa yún un, ara á lé wúruwùru. Fún àwọn mìíràn, ó ń di ikọ́ fée. Nínú òṣìṣẹ́ 10, ó máa ń tó 1 sí 3 tí èyí ń bá jà.

Ìlera eku ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Jackson Laboratory sílẹ̀ ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1929, sísin eku fún ìwádìí túbọ̀ gbilẹ̀. Ní 1958, Lisbeth Kraft ní Yale ròyìn bí òun ṣe fi asẹ́ bo kéèjì nítorí ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ eku. Eku ni asẹ́ náà wà fún, síbẹ̀ inú rẹ̀ ni ààbò òṣìṣẹ́ ti wá jáde níkẹyìn.

Kí wọ́n tó lè wọn ohun tí ojú kò rí nínú afẹ́fẹ́, wọ́n ní láti mọ ohun tó ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín 1966 sí 1967, tọkọtaya Ishizaka ní Denver, àti S.G.O. Johansson pẹ̀lú Hans Bennich ní Uppsala, Sweden, ṣàwárí IgE, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń dá àlájì sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ tí ìtọ̀ eku ti ń yọ lẹ́nu wá di irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń dá purotéènì náà mọ̀. Ní 1982, àwọn olùwádìí Mayo Clinic tẹ ìròyìn jáde lórí bí wọ́n ṣe wọn èròjà eku nínú afẹ́fẹ́ ilé ẹranko. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Bìrìtéènì fi ikọ́ fée tí ẹranko yàrá ìwádìí ń fà kún àwọn àìsàn ẹnu iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó ìrànwọ́ lé lórí.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n kò le lójú. Òṣìṣẹ́ á so pọ́ǹpù kékeré mọ́ bẹ́líìtì. Ọ̀pá rọ́bà á ti ibẹ̀ gòkè dé ọrùn ẹ̀wù, níbi tí asẹ́ pẹlẹbẹ kan wà nítòsí imú. Pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ bíi lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan títí iṣẹ́ á fi parí. Wọ́n á rẹ asẹ́ náà sínú omi oníyọ̀ kí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn lè tú sílẹ̀, wọ́n á sì kán omi náà sínú àwo oníhò 96. Bí purotéènì bá ṣe pọ̀ tó ni àwọ̀ inú ihò ṣe ń ki tó. Nanogíráàmù ni wọ́n fi ń kà á, bẹ́ẹ̀ bílíọ̀nù kan rẹ̀ ló wà nínú gíráàmù kan ṣoṣo.

Pọ́ǹpù yìí ló tú àṣírí. Nígbà tí Peyton Eggleston àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins wọn afẹ́fẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nílé eku ńlá, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1989, àwọn tó ń fọ kéèjì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù símú. Ó yẹ kí èyí dun ènìyàn: òṣìṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kì í sábà hàn nínú ìwé ìwádìí ni eruku ń bá jà jù. Ní London, Susan Gordon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1992 pé bí wọ́n bá fi ohun tó ń fa omi mu rọ́pò ìyẹ̀ pákó, èròjà inú afẹ́fẹ́ á wálẹ̀ gidigidi. Dídín iye ẹranko inú yàrá kù náà ń ṣèrànwọ́.

Lẹ́yìn náà ni kéèjì tó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tirẹ̀ gbòde. Bí ẹ̀rọ bá ń ti afẹ́fẹ́ sínú kéèjì tí ìdérí rẹ̀ kò lẹ̀ dáadáa, eku á wà ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n èròjà á máa jò síta sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́. Bó bá ń fà á jáde gba inú asẹ́, òṣìṣẹ́ ló jèrè. Síbẹ̀, dandan ni kí ẹnìkan ṣí kéèjì kó sì da ìdọ̀tí rẹ̀ nù, nítorí náà wọ́n ṣe tábìlì tó ń fa eruku wọlé lójú ẹsẹ̀. Ìbòmú ló kẹ́yìn, kò sì yẹ kó rọ́pò àwọn yòókù.

Ní 1998, NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ẹnu iṣẹ́, kéde ìkìlọ̀ lórí ikọ́ fée láàárín àwọn tó ń tọ́jú ẹranko. Títí di òní, òfin Amẹ́ríkà àti ti Bìrìtéènì kò tíì fi iye kan lélẹ̀ tí èròjà yìí kò gbọ́dọ̀ kọjá nínú afẹ́fẹ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ ni pé kó dín in kù dé ibi tí agbára bá ká.