Páànù, Sìmẹ́ńtì àti Ulé Bàbá Wa ní Adó-Èkìtì

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan síbí, ẹ má bínú. Ilé ni èmi àti ìyàwó mi ń tún ṣe. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ilé náà sí Adó-Èkìtì, kò jìnnà sí Ọjà Ọba, ọdún tí ó parí rẹ̀ sì wà lára ògiri iwájú títí di òní, bí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì kọ ọ́: 1952. Mo rò pé iṣẹ́ oṣù díẹ̀ ni. Ó di iṣẹ́ ọdún méjì, ó sì kọ́ mi ní ìtàn kan tí mo fẹ́ sọ fún yín bí mo ti rí i lára ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Nínú ẹ̀ka-èdè Èkìtì, ulé ni à ń pe ilé. Kò sí ọ̀rọ̀ àbínibí tí ó fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ùlú ni ìlú, ugbá ni igbá, ulé sì ni ilé. Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni "mọ". A máa ń mọ ìkòkò, a máa ń mọ odi ìlú, a sì máa ń mọ ilé. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ọ̀mọ̀lé. Ọ̀rọ̀ yìí náà ni ó wà nínú Sáàmù 118 nínú Bíbélì Yorùbá, èyí tí Samuel Ajayi Crowther ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì parí ní ọdún 1884, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta ni àwọn ọ̀mọ̀lé inú Sáàmù náà ń lò. Bíríkìlà dé lẹ́yìn, ó sì bá ọ̀mọ̀lé lẹ́nu iṣẹ́.

Báwo ni ọ̀mọ̀lé ṣe ń ṣiṣẹ́? Wọn a wa erùpẹ̀ pupa nítòsí, wọn a bu omi sí i, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tí kókó kan kò fi ní sí nínú rẹ̀ mọ́. Ọ̀mọ̀lé a fi ọwọ́ mọ ìpele kan tí ó ga tó orúnkún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yí ilé náà ká, a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí ó tó gbé òmíràn lé e. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni àsìkò ilé mímọ. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Àwọn tó wà nínú àáró a máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ ní àyípo, ẹlòmíràn a sì bẹ ọ̀wẹ̀, a fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Ọkùnrin tí ó bá ń fẹ́ ọmọ onílé ní láti kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyàwó mi, ó ní, "Bàbá mi kò mà rí ẹsẹ̀ yín nínú amọ̀ rí o." N kò ní èsì.

Ọgbọ́n ilé àtijọ́ pọ̀ jù lọ nínú òrùlé. Bẹẹrẹ ni àwọn ará Ọ̀yọ́ fi ń bo ilé nítorí ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwọn. Níbi tí igbó bá wà, ewé bíi gbodògí ni wọ́n ń lò. Òrùlé náà a ga ní àárín, etí rẹ̀ a sì sọ̀ kalẹ̀ kọjá ògiri dáadáa, débi pé àgbàlagbà ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé. Agbo ilé a ní àgbàlá láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ a yí i ká, omi òjò a máa ṣàn láti orí òrùlé sínú ìkòkò tí wọ́n gbé sí àgbàlá. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ògiri. Ẹ rántí èyí, nítorí òun ni ìdí ọ̀rọ̀ mi.

Ọ̀pó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ń gbé etí òrùlé gígùn bẹ́ẹ̀ ró, ní ààfin àwọn ọba wa ní Èkìtì, ọ̀pó sì di ohun tí gbogbo ayé ń wò. Ní Ìkẹ́rẹ́, tí kò jìnnà sí Adó, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ọ̀pó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pó náà wà ní Chicago báyìí: ọba jókòó, olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ga jù ú lọ fíìfíì. (Ìyàwó mi fẹ́ràn ọ̀pó yẹn púpọ̀, ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀.) Wọ́n gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní ọdún 1924, ilé ìṣúra British Museum sì gbà á; àga tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà. Mo máa ń rò pé irú pàṣípààrọ̀ yìí kan náà ni àwọn bàbá wa ṣe pẹ̀lú òrùlé wọn.

Ọ̀nà tí ìrísí tuntun gbà dé Èkìtì gùn díẹ̀. Ní Èkó, àwọn Àgùdà tí wọ́n padà bọ̀ láti Bràsíìlì mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ kápẹ́ńtà dé. Mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894 wà lára ohun tí ọwọ́ wọn fi sílẹ̀. Ilé wọn kì í ní àgbàlá láàárín. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan ni ó la inú rẹ̀ já, tí yàrá wà lọ́tùn-ún àti lósì. Lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ogun Kírìjì ní ọdún 1886, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun ti kó lọ àti àwọn tó ṣòwò lọ sí ìsàlẹ̀ padà wálé díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ojú wọn rí ní Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn bá wọn bọ̀. Agbo ilé tú sí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Irú ilé yìí ni ó bí èyí tí àwọn ará ìlú wá ń pè ní kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ.

Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó yí padà. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, John Michael Vlach, kọ̀wé ní ọdún 1976 lórí àwọn ilé tóóró New Orleans, ó ní wọ́n gba Haiti wá, àti pé ilé Yorùbá wà lára ìpìlẹ̀ wọn. Ní ọdún 1984 ó kọ̀wé lórí ilé Àgùdà ní Nàìjíríà. Lára ẹ̀rí rẹ̀ ni ìwọ̀n yàrá Yorùbá, tí ó máa ń tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10. Mo mú téèpù, mo wọn yàrá bàbá bàbá mi. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ni, ó lé ní ìwọ̀n àtàǹpàkò kan.

Kòkó ni ó san owó ilé wa. Owó kòkó dára ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ẹni tí ó bá sì rí owó, páànù ni ó kọ́kọ́ ń rà. Kò sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́bi. Òrùlé ewé a máa jò, a máa fẹ́ àtúnṣe léraléra, iná ọyẹ́ kan ṣoṣo sì lè jó àdúgbò tán. A máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọba ni wọ́n ń wí, kì í ṣe tálákà. Ṣùgbọ́n owó gidi ni páànù, onílé a máa ka wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ni etí òrùlé fi kúrú. Èyí tí mo wọ̀n nílé wa kò kọjá ògiri ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Láti ìgbà náà ni òjò ti ń na ògiri amọ̀, ọ̀ṣọ̀rọ̀ sì ń ta ẹrẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí ni onílé yóò ṣe? Yóò fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Mo gbà pé páànù ni ó fa sìmẹ́ńtì wọlé. Ọlá nìkan kọ́, bí àwọn kan ti ń sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọlá wà níbẹ̀: kò tíì sí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kankan ní Nàìjíríà ní 1952. Ti Nkalagu bẹ̀rẹ̀ ní 1957, ti Ewékorò ní 1960. Òkun ni àpò sìmẹ́ńtì bàbá bàbá mi gbà dé.

Nígbà tí a dé ilé náà, ògiri yàrá àbúrò bàbá mi, ìyá àgbà tí ó lé ní ọgọ́rin ọdún tí ó ṣì ń gbé ibẹ̀, ti wú síta bí ikùn aboyún. Àwọn ẹbí ní kí a wó ilé náà, kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Ìyá àgbà ní ibi tí òun sùn sí ní àná ni òun yóò sùn sí lónìí. Èmi tí mo pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé, mo ní kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tuntun rẹ́ ẹ. Òjò kejì ni ó bọ́ lulẹ̀ ní odidi, pẹ̀lú amọ̀ tútù lẹ́yìn rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé ìyá àgbà wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yé mi lẹ́yìn náà. Ògiri amọ̀ a máa fa omi mu láti ilẹ̀ àti láti ojú ibi tí ó bá sán, a sì máa tu ú jáde bí oòrùn bá ràn. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí ó jáde. Omi á dúró sínú, ìsàlẹ̀ ògiri á rọ̀, ojú òde á sì máa dán. Àwọn ará Djenné ní Mali mọ èyí. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi amọ̀ tún mọ́sálásí ńlá wọn rẹ́, èyí tí wọ́n parí ní ọdún 1907. Àwọn Hausa a máa fi omi èèpo igbá sínú amọ̀ ìrẹ́lé wọn, makuba ni wọ́n ń pè é. Nílé wa náà, ìyá àgbà ní àwọn obìnrin ni ó máa ń fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù pa ògiri nígbà èwe òun, bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé. Ìyàwó mi ni ó bi í léèrè. Èmi kò tilẹ̀ ronú láti bi í.

Iṣẹ́ tí a ṣe kò ní ariwo. A fi igi ti òrùlé, a wó apá ibi tí ó wú, a sì fi erùpẹ̀ pupa, yanrìn àti koríko gígé mọ ọ́n padà ní ìpele-ìpele. A já sìmẹ́ńtì kúrò lára ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a sì fi amọ̀ rẹ́ wọn. Kápẹ́ńtà fa etí òrùlé síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ní àgbàlá, a fọ́ kọ́ńkéré tí wọ́n dà títí kan ẹsẹ̀ ògiri, a gbẹ́ gọ́tà tóóró, a kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kí ọ̀ṣọ̀rọ̀ lè máa bọ́ sí i. Bíríkìlà tí a pè rò pé owó ni kò tó wa. Ọ̀dọ́ ni, ìyá àgbà sì ní láti fi bí a ti ń tẹ amọ̀ hàn án láti orí àga rẹ̀. Òjò ọdún méjì ti rọ̀ sí i báyìí, ògiri yàrá rẹ̀ sì gbẹ.

Ó ku ògiri iwájú. Bí mo bá fi ọwọ́ gbá a, ó ń dún bí ìlù. Àyè ti wà láàárín sìmẹ́ńtì àti amọ̀. Ó yẹ kí a já a. Ṣùgbọ́n inú sìmẹ́ńtì yẹn ni 1952 wà, ọwọ́ bàbá bàbá mi fúnra rẹ̀ ni ó sì fi igi kọ ọ́ nígbà tí ó ṣì tutù. Ìyàwó mi ní kí a gé ibi ọjọ́ náà jáde, kí a gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá àgbà ní kí a má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀ẹ̀rùn tí ó ń bọ̀ ni a ó tó mọ ohun tí a ó ṣe.