Yógà, Ìdárayá àti Ìlera: Èwo Nínú Ìwádìí Ló Kan Ará Mùṣin?

Ní 1953, Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Àrùn ọkàn ń mú dírẹ́bà tó jókòó látàárọ̀ dalẹ́ ju kọ̀ńdọ́ tó ń gun àtẹ̀gùn sókè-sódò lọ. Dírẹ́bà dáńfó ní Ojúẹlẹ́gba yóò mọ ara rẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ti kọ̀ńdọ́ tiwa yàtọ̀: èéfín tó ń fà símú lẹ́nu ilẹ̀kùn kò sí nínú ìṣirò Morris.

Àwa náà kì í ṣe àlejò sí fífi ìdárayá wo àìsàn. Ní 1945 ni wọ́n dá ilé-ìwòsàn Ìgbóbì sílẹ̀ ní Yábàá fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ físíò ti ta gbòǹgbò ní Nàìjíríà.

Ní ti yógà, ẹ̀yìn ríro wà lára ohun tí wọ́n ti yẹ̀ wò jù. Ní 2022, àjọ Cochrane kó ìwádìí 21 jọ, àwọn tó kópa sì lé ní 2,200. Ara ẹni tó ṣe yógà yá díẹ̀ ju ti ẹni tí kò ṣe ìdárayá kankan lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi wé ìdárayá ẹ̀yìn mìíràn, ìyàtọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Àwọn kan tilẹ̀ ní ṣe ni ẹ̀yìn náà ń ro àwọn sí i. Nítorí náà, èmi kò rí ìdí tí ará Mùṣin yóò fi máa wá kíláàsì yógà kiri nígbà tí físíò wà ní ilé-ìwòsàn Ìdí-Àràbà, àfi bó bá kàn wù ú.

Ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ta kókó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Noetel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí 218 yẹ̀ wò nínú BMJ ní 2024. Rírìn tàbí sísáré, yógà, àti gbígbé ohun wíwúwo, gbogbo wọn ló mú ìtura wá. Àwọn olùwádìí náà fúnra wọn kìlọ̀ pé ẹ̀rí rírìn àti sísáré kò lágbára tó, ti yógà sì tún fẹ́lẹ́ sí i. Ìṣòro kan ni pé ẹni tó gbé oògùn mì lè má mọ̀ bóyá ìyẹ̀fun lásán ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò nara lórí ẹní tí kò ní mọ ohun tí òun ń ṣe? Ìrètí ti pò mọ́ ìtọ́jú.

Èyí tí mo kà sí tiwa gan-an kò ní yógà nínú. Ní 2014, Owoeye, Akinbo, Tella àti Olawale tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn ọ̀dọ́kùnrin agbábọ́ọ̀lù Èkó: ẹgbẹ́ 20, ọmọ 416, ọjọ́ orí wọn láti 14 sí 19. Ìbò ni wọ́n fi pín àwọn ẹgbẹ́ náà. Apá kan ń ṣe FIFA 11+, ètò ìdárayá tó ń mú ara gbóná, kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Apá kejì ń mú ara gbóná bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. FIFA 11+ kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ: kí wọ́n sáré díẹ̀, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan dúró (oníyógà tó bá ń kọjá lọ á rò pé kíláàsì òun ni), kí wọ́n fò, kí wọ́n sì balẹ̀ láì jẹ́ kí orúnkún yà sínú. Láàárín oṣù mẹ́fà, ìfarapa àwọn tó ṣe é fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù. Ti ẹsẹ̀ fi 48 dín. Bọ́ọ̀lù ni, kò sí pásítọ̀ tó máa pè é ní ẹ̀sìn Híńdù bí àwọn kan ti ń pe yógà.

Àmọ́ ọmọkùnrin nìkan ni wọ́n wò. Ìyá tó jókòó ti ọjà rẹ̀ ní Téjúoṣó, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń béèrè láti 2010 pé kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, mira lọ́sẹ̀. Ètò ìwádìí kan náà lè ṣiṣẹ́ fún un: kí a fi ọjà rọ́pò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, kí ìyálọ́jà dúró bíi kóòṣì, kí ìbò pín wọn, kí a sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn fún oṣù mẹ́fà.