Ta Ni Yóò Ṣílẹ̀kùn?

Nílé ìyá àgbà mi l'Óde-Ìrèlè, yàrá kan wà tí àwa ọmọdé ò gbọ́dọ̀ sùn sí. Yàrá àlejò ni. Bí àlejò bá kanlẹ̀kùn lóru, ìyá àgbà á dáná, á ro púpurú, kó tó bi í pé kí ló gbé e dé. Orí ẹní ní pálọ̀ ni tèmi, inú sì máa ń bí mi.

Ẹ jẹ́ n mú yín lọ sí etí aṣálẹ̀ Sàhárà, sí Timbuktu ní Málì, ẹ ó rí ìdí tí mo fi rántí yàrá yẹn. Iyọ̀, wúrà àti ìwé ló sọ ìlú náà di olókìkí, ìyẹn làwọn òyìnbó fi ń wá a kiri. Laing, ọmọ Scotland, débẹ̀ lọ́dún 1826. Wọ́n pa á bó ṣe ń padà bọ̀. Caillié, ọmọ Faransé, dé ní 1828. Irọ́ ló pa: ó ní Lárúbáwá láti Íjíbítì lòun. Bí ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò.

Ní 1853 ni Barth, ọmọ Jámánì, dé. Ahmad al-Bakkai, ààfáà àgbà nínú ìran Kunta, ló gbà á lálejò. Ọba Masina ránṣẹ́ pé kí wọ́n lé Nàsárà náà tàbí kí wọ́n mú un. Ààfáà kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀sìn wọn ò pa pọ̀ o, ṣùgbọ́n àlejò ni àlejò ń jẹ́. Barth kúrò níbẹ̀ láàyè ní 1854.

Nígbà tó yá, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ àwọn mẹ́ta yìí sára ilé tí wọ́n dé sí. Òtẹ́ẹ̀lì aláfinjú náà dé, téèyàn ti lè jókòó sórí òrùlé lálẹ́ kó máa wo iyanrìn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2011, àwọn agbébọn wọ ilé oúnjẹ kan níbẹ̀, wọ́n kó àlejò mẹ́ta lọ, wọ́n sì pa ẹ̀kẹrin. Ọmọ Jámánì lẹni tí wọ́n pa, bíi Barth. Nígbà tó di 2012, ogun gba ìlú, òtẹ́ẹ̀lì sì ṣófo.

Mi ò dá àwọn onílé lẹ́bi. Al-Bakkai lórúkọ, ó sì léèyàn lẹ́yìn. Kí ni ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lásán fẹ́ ṣe níwájú ìbọn? Àmọ́ ohun tí mo rí kọ́ ni pé bẹ́ẹ̀dì kọ́ ló ń sọ ilé di ilé àlejò. Ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí ìyá àgbà ti papò dà, ẹnì kan kanlẹ̀kùn wa lóru. Ìròyìn ajínigbé ti kún etí mi. Mo pa iná, mo dákẹ́. Ó tún kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì lọ. Láàárọ̀ la gbọ́ pé ìyá ẹlẹ́kọ tó múlé tì wá ló gbà á sílé. Ọmọ ìlú wa ni, ọkọ̀ ló bàjẹ́ fún un lọ́nà Òkìtìpupa.

Yàrá àlejò wà lófìfo mọ́jú ọjọ́ náà. Èmi náà ò sì sùn.