Háàdì Dísìkì Méjì, Ẹ̀rọ Kan

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ tí ń jẹ́ PlayStation 3 jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, ohun kan wà lára rẹ̀ tí kò wọ́pọ̀ lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ìdérí kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá ṣí i, tí a sì tú súkúrù kan ṣoṣo, a ó rí háàdì dísìkì fà yọ, èyíinì ni ohun tí ẹ̀rọ náà fi ń kó eré àti iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Irú èyí tí ó ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, ẹnikẹ́ni sì lè rà á ní ọjà. Ìwé ìlò tí ó bá ẹ̀rọ náà wá tilẹ̀ kọ́ ènìyàn bí yóò ti ṣe pààrọ̀ rẹ̀.

Sony kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe irú ọ̀yàyà yìí. Láti ọdún 2001 ni ó ti ń ta irinṣẹ́ kan fún àwọn tí ó ní PlayStation 2: háàdì dísìkì tí ó gba 40 gigabyte, pátákó ìtẹ̀wé, àti Linux. Linux ni ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó wo inú rẹ̀, kí ó sì tún un ṣe bí ó ti fẹ́. Ní ti Xbox, tí Microsoft gbé jáde ní ọdún 2001 kan náà, ńṣe ni wọ́n fi àṣírí ti dísìkì rẹ̀ pa, àfi kí olóye jà kí ó tó wọlé. Ti Sony kò rí bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣílẹ̀kùn, ó sì pe àyè tí ó fi sílẹ̀ fún àlejò lórí PlayStation 3 ní OtherOS.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ náà tó lè gba àlejò yìí, ó ní láti pa ohun gbogbo tí ó wà lórí dísìkì rẹ́, kí ó sì tún un pín: yálà kí Linux gba 10 gigabyte, tàbí kí géèmù gba 10 kí Linux gba ìyókù. Ẹni tí ó ti fi oṣù mẹ́ta jagun nínú géèmù kò ní fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ parẹ́ lọ́jọ́ kan. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe dọ́gbọ́n sí i. Wọ́n yọ dísìkì àkọ́kọ́, wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú aṣọ òkè sínú àpótí, wọ́n sì fi òmíràn sí ipò rẹ̀ fún Linux. Ọjọ́ tí eré bá tún wù wọ́n, wọn a pààrọ̀ padà. Dísìkì tí ẹ̀rọ kan bá ti lò kò ṣeé kà nínú ẹ̀rọ mìíràn, nítorí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní àṣírí tí ó fi ń kọ̀wé sí orí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá padà sílé, kò sí ohun tí ó ṣe é.

Kí ni wọ́n ń fi gbogbo wàhálà yìí wá? Ọpọlọ ẹ̀rọ náà ni, èyí tí wọ́n pè ní Cell, tí Sony, Toshiba àti IBM pawọ́pọ̀ ṣe. Ó ní olórí kan àti àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké tí ń ṣe ìṣirò pẹ̀lú eré púpọ̀. Mẹ́fà nínú wọn ni Linux lè lò. Lóòótọ́ ni iyè rẹ̀ kéré, 256 megabyte péré, Sony kò sì jẹ́ kí Linux fọwọ́ kan apá tí ń ya àwòrán eré. Síbẹ̀, ó ya àwọn ọ̀mọ̀wé lẹ́nu pé irú agbára bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun ìṣeré ọmọdé. Ní ọdún 2007, Gaurav Khanna, olùkọ́ ní University of Massachusetts Dartmouth, so mẹ́jọ pọ̀ láti fi ṣe ìṣirò nípa ihò dúdú ojú ọ̀run, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò ti lè jáde. Àwọn ọmọ-ogun òfuurufú Amẹ́ríkà rí èyí. Ní Rome, ìpínlẹ̀ New York, wọ́n so iye tí ó lé ní 1,700 pọ̀, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2010.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ń ṣí i, Sony ti ti ilẹ̀kùn náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, George Hotz, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà, kéde pé òun ti gba inú OtherOS dé ibi ìkọ̀kọ̀ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rù ba Sony pé àwọn olè yóò máa da géèmù rẹ̀ kọ. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, ó kéde pé òun yóò mú OtherOS kúrò. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin, àtúnṣe tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 3.21 dé. Ẹni tí ó bá gbà á, Linux rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́, kò ní lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, géèmù tuntun kò sì ní gbà fún un.

Ibí yìí ni ọgbọ́n dísìkì méjì já sí asán. Dísìkì Linux wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ ẹni tí ó ni ín kò sì parẹ́. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ ni ilẹ̀kùn wà, kì í ṣe ara dísìkì, àtúnṣe Sony sì ti mọ ògiri dí i. Bí a ti wù kí ènìyàn pààrọ̀ rẹ̀ tó, ẹ̀rọ náà kò dá a mọ̀ mọ́. Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Àwọn tí ó rà á sì ti rò tẹ́lẹ̀ pé àwọn ni wọ́n ni àwọn méjèèjì.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ní California ní oṣù kẹrin náà. Ẹjọ́ ọ̀hún falẹ̀, a lé e jáde, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá apá kan padà, títí di ọdún 2018 tí Sony fi gbà láti san 3,750,000 dọ́là, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Àwọn agbẹjọ́rò ní ìpín tiwọn níbẹ̀.

Ní ti àwọn ọmọ-ogun, ẹ̀rọ tiwọn kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì Sony, nítorí náà wọn kò gba àtúnṣe. Ìyọnu wọn ni pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, kò sí irú rẹ̀ ní ọjà mọ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n kó nǹkan bí 176 fún Khanna. Ní ọdún 2014, inú kọ̀ǹténà kan tí ó ní ẹ̀rọ amúǹkan-tutù, irú èyí tí wọ́n fi ń kó mílíìkì, ni wọ́n tò wọ́n sí, níbi tí wọ́n ti ń bá ìṣirò ihò dúdú lọ.