Kíka Bọ́ọ̀lù tí a Dí: Russell, Auerbach àti Ọlájuwọ́n nínú Ìtàn Ìdènà

A sábà máa ń gbọ́ ọ láàrin wa pé kò sí ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù dí tó Hakeem Ọlájuwọ́n, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Èkó ní ọdún 1963, nínú gbogbo àwọn tí ó ti fi bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ṣe iṣẹ́ jẹun ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rí tí a fi ń gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ ni àkọsílẹ̀ NBA: bọ́ọ̀lù 3,830 ni ó dí kí ó tó fẹ̀yìn tì ní 2002, kò sì sí ẹni tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Iye náà tọ̀nà. Ìtumọ̀ tí a ń fún un ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Sáà 1973–74 ni NBA ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka bọ́ọ̀lù tí a dí. Bill Russell ti fẹ̀yìn tì ní 1969; Wilt Chamberlain sì ti gbá ìdíje tirẹ̀ kẹ́yìn kí kíkà náà tó bẹ̀rẹ̀. Òfìfo ni ojú ìwé àwọn méjèèjì. Ní oṣù kẹwàá 1973, nígbà tí kíkà ṣì tuntun, Elmore Smith dí 17 nínú ìdíje kan ṣoṣo, kò sì tíì sí ẹni tí ó kọjá rẹ̀. Ta ni yóò gbà pé ìgbà tí a mú gègé ni irú èyí kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀?

Ní 1956, Red Auerbach, akọ́nimọ̀ọ́gbá Boston Celtics, fi Ed Macauley àti Cliff Hagan sílẹ̀ fún St. Louis kí ó lè rí Russell gbà. Kì í ṣe ayò jíjẹ ni ó ń wá. Nítorí pé Russell dúró ti àwọ̀n, àwọn bí K.C. Jones lè lọ há ẹni tí ó mú bọ́ọ̀lù mọ́ ní ọ̀nà jíjìn láìbẹ̀rù; bí ó bá yọ mọ́ wọn lọ́wọ́, Russell ni yóò bá pàdé. Òfin kò gbà kí a fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ sínú àwọ̀n, nítorí náà ó ní láti bá a lójú ọ̀nà òkè. Kì í gbá a dànù sáàrin òǹwòran; ó ń rọra tì í sọ́dọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìkọlù Boston a sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí alátakò bá sì ti rí i tí ó sì yí èrò padà, ìwé wo ni a óò kọ bọ́ọ̀lù tí a kò jù sí? Láàrin sáà 13, ife-ẹ̀yẹ 11 ni Russell gbà, méjì tí ó kẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ náà nínú NBA.

Ẹ̀rí ẹnu àwọn tí ó bá a gbá a ni a ní, a sì ní láti yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń yẹ oríkì wò: oríkì a máa pọ́nni lé, síbẹ̀ a kì í torí èyí sọ ọ́ nù.

Ní ti Ọlájuwọ́n, ẹ jẹ́ kí a wo ìdíje kẹfà nínú àṣekágbá 1994. Houston, tí Rudy Tomjanovich ń kọ́, fi 86 sí 84 ṣíwájú New York. John Starks ju bọ́ọ̀lù láti ibi olójú mẹ́ta bí àkókò ti ń tán lọ; bí ó bá wọlé, ife ti di ti New York. Ọlájuwọ́n fi ẹni tí ó ń ṣọ́ sílẹ̀, ó sáré jáde, orí ìka rẹ̀ sì kan bọ́ọ̀lù náà. Houston ni ó gba ife ní ìdíje keje. Bọ́ọ̀lù tí ó dí yìí kò sí nínú 3,830 náà, nítorí ìdíje inú sáà nìkan ni wọ́n ń kà síbẹ̀.