Òkú Ọ̀fọ̀ ní Abidjan: Ohun tí Àtẹ Lexis Fi Hàn

Lẹ́yìn tí wọ́n ti la ipa omi Vridi ní 1950, tí àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá sì ti rí ọ̀nà gúnlẹ̀ sí Abidjan ní Côte d'Ivoire, ni àwọn géńdé láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ará Èjìgbò ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun kò gbẹ́yìn láàárín wọn, túbọ̀ ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti ṣòwò àti láti ṣiṣẹ́. Ìlú tí géńdé kún báyìí kì í sábà ní òkú púpọ̀, nítorí pé ọmọ ọwọ́ àti arúgbó ni ikú ń mú jù. Bí ikú bá sì wá dójú lé géńdé, àròpọ̀ iye òkú ọdọọdún nìkan kò lè sọ ẹni tí ó ń kú.

Àtẹ tí ó lè sọ ọ́ ni èyí tí a fi orúkọ Wilhelm Lexis pè, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì tí ó ṣàlàyé irú rẹ̀ nínú ìwé kan ní 1875. Ọdún ni a ń tò láti òsì sí ọ̀tún, ọjọ́ orí ni a ń tò láti ìsàlẹ̀ sókè. Nígbà tí ó yá ni àwọn mìíràn fi àwọ̀ kún un, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí ikú bá ti pọ̀ ni ó ń ṣú jù. Ẹni tí a bí ní 1955 pé ogún ọdún ní 1975, ó sì pé ọgbọ̀n ní 1985, nítorí náà ìlà ayé rẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ̀ gòkè, gbogbo ẹgbẹ́ ìbí rẹ̀, èyíinì ni àwọn tí a bí lọ́dún kan náà, sì jọ ń tọ ìlà náà ni.

Ní Abidjan, iṣẹ́ ìwádìí lórí àrùn éèdì tí a ń pè ní Projet RETRO-CI bẹ̀rẹ̀ ní 1988. Ní 1990, olùwádìí Kevin De Cock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé nínú òkú àgbàlagbà tí wọ́n yẹ̀ wò ní ilé ìtọ́jú òkú méjì tí ó tóbi jù ní ìlú náà, ọkùnrin 41 àti obìnrin 32 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní kòkòrò tí ń fa àrùn éèdì. Michel Garenne àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tún yẹ ìwé àkọsílẹ̀ òkú ìlú náà wò, wọ́n sì fi hàn ní 1996 pé láti 1986 ni ikú àwọn àgbàlagbà ti ń pọ̀ sí i.

Bí a bá gbé èyí sórí àtẹ, ibi tí ó ṣú bí òjìji bẹ̀rẹ̀ ní àárín ẹ̀wádún 1980, ó sì rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé ọjọ́ orí tí ènìyàn fi ń bímọ tí ó sì fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí a bí láàárín 1950 sí 1969 ni ìlà wọn wọ inú rẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí wọn ti la ọjọ́ orí kan náà kọjá láìsí irú ewu yẹn. Òkú ọ̀fọ̀ gbáà ni, èyí tí ń mú òbí sin ọmọ, tí ó sì ń sọ ọmọ kéékèèké di aláìlóbìí.

Ní 1998, àjọ UNAIDS mú Côte d'Ivoire mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ fi ètò oògùn éèdì dán wò, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni oògùn náà dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà náà. Ó sì yẹ kí a rántí pé aláìsàn tí àwọn ẹbí gbé padà sí Èjìgbò tàbí sí ìlú mìíràn kí ó tó kú kò sí nínú ìwé Abidjan, nítorí náà bí òjìji náà ṣe ṣú tó lórí àtẹ, ikú tí ó pa àwọn ará Abidjan jù bẹ́ẹ̀ lọ.